Má Rán Orúkọ Rẹ Mọ́ Ara Ẹ̀bùn

Ilé wa ní Yábà,
Oǹdó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Mọ́rẹ́nikẹ́, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Òjò ń rọ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Kì í ṣe òjò alágbára, èyí tó máa ń rọra lu páànù títí oorun á fi gbé èèyàn lọ ni. Ara mi le. Orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn, òun náà sì ti di ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ pé o máa ní, "Kí ló dé tí Màmi ò kàn pè mí?" Fóònù ò gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí lẹ́rìn-ín, èmi náà á sì tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì, bí mo ṣe ń gbé e mì láti ìgbà tí o ti gbọ́n.

Ẹrù tí o fi rán dẹ́rẹ́bà dé lánàá. Mo rí búrẹ́dì, mo rí oògùn orúnkún, Ọlọ́run á tọ́jú ìwọ náà. Mo rí ìwé pélébé tí o tẹ̀ fún ṣíṣí Ilé Aṣọ Àtúnrán, mo sì rí ẹ̀wù iléèwé kan tí o ní kí n bá ọ wò bóyá rírán rẹ̀ gún. Ó gún régé. Mo fi ìka tọ́ ojú rírán rẹ̀ láti èjìká dé ìṣẹ́tí, mo sì ń rẹ́rìn-ín, torí pé bí mo ṣe kọ́ ọ náà ni. Nígbà tí mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, mo tún gbé e lé itan, oorun bá gbé mi lọ lórí àga. Mo lálàá pé mo dúró létí pápá kan tí kùrukùru bò. Aṣọ iléèwé ń rìn kọjá lórí pápá náà ní méjì-méjì, wọn ò yára, wọn ò sì falẹ̀, kò sì séèyàn kankan nínú wọn. Nígbà tí mo jí, ọwọ́ mi wà lórí àkọlé ńlá tí o rán mọ́ àyà ẹ̀wù yẹn: "Ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ Àtúnrán." Tìtorí àkọlé yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ.

Mo ka ìwé kékeré tí o fi sínú ẹrù náà pẹ̀lú. O ní Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ẹ máa lọ sí Ìgbàrà-Òkè, kí ẹ to àwọn ọmọ sórí ìlà, kí ẹ wọ̀ wọ́n láṣọ, kí oníyàwòrán ya gbogbo wọn. O ní obìnrin kan ní Àkúrẹ́ ti ṣèlérí ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun fún ọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ rí àkọlé náà gbangba nínú fọ́tò kó tó kó wọn wá. Mo mọ bí o ṣe nílò ẹ̀rọ wọ̀nyẹn tó. Jọ̀wọ́, ka ìwé yìí tán kí o tó ṣe ohunkóhun.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́, kó má dà bíi pé ẹnu ìbáwí nìkan ni mo ní. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí pé irú òwò wo ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ń ṣe gan-an. Mo ní o ń gba ìgékù aṣọ lọ́wọ́ àwọn télọ̀, o ń gba òpin aṣọ lọ́wọ́ àwọn aláṣọ Ọjà Ọba, ò ń tò wọ́n pọ̀, ò ń rán wọn di ẹ̀wù tuntun, kí wọ́n má baà di pàǹtí tí wọ́n ń sun létí títì. Mo ní bí o bá ta ẹ̀wù kan fún ẹni tó ní, o máa rán ẹ̀wù iléèwé kan fún ọmọ tí kò ní. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Họ́wù! Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n tún ń kàwé fún?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fún lórúkọ gígùn, tí ẹ ń ṣèpàdé lé lórí, àìní la máa ń pè é nígbà tiwa. Àmọ́ inú mi dùn sí ọ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ lónìí.

Ọmọ ọwọ́ ni o nígbà tí ọdún le. Owó oṣù àwọn tíṣà kì í dé, bó bá sì dé, ìdajì ni. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé láàárọ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì sápò bí ẹni tó fi góòlù pamọ́. Èmi ń ránṣọ ní iwájú ilé. Ta ló ń rán aṣọ tuntun nígbà yẹn? Kọ́là ni mò ń yí. Bí ọrùn ẹ̀wù ọkùnrin bá gbó, mo máa tú kọ́là rẹ̀, mo máa yí inú rẹ̀ síta, mo máa rán an padà, ẹ̀wù á sì tún di ẹ̀wù. Àwọn tó ń gbé kọ́là wá, mo mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ń wọ léèsì. Wọ́n á rọra yà wọlé, wọ́n á ní, "Ìyàwó Tíṣà, bá mi wo nǹkan kékeré kan." Èmi náà á fi ìwé ìròyìn wé e, kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tí wọ́n gbé wá. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí àgbàlagbà. N ò mọ̀ pé ọmọdé náà láṣírí.

Ó dáa, jẹ́ kí n máa kà á ní oókan-eéjì.

Èkíní, má fi ohun tí o kò lè wọ̀ fún ọmọ bíbí inú rẹ tọrẹ. Ní ọdún tí mo gba fìríìdọ́ọ̀mù iṣẹ́ télọ̀, mo kó aṣọ tó ti fàya jọ sínú àpò, mo gbé e lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, mo ń retí àdúrà. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé náà gbà á, ó dúpẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé àpò náà padà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fọ gbogbo rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a dáadáa. Ó ní, "Màdáámú, ẹ ṣé o. A ti ní àkísà tí a fi ń nulẹ̀." Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọ̀ ọ́. Ìgékù yàtọ̀ sí àkísà, ọmọ mi. Ìwọ mọ ìyàtọ̀ yẹn ju èmi lọ, mo kàn fẹ́ kí o rẹ́rìn-ín kí a tó dé ibi tó le ni.

Ẹ̀kejì, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta ni mo fi rán aṣọ ọ̀fẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni mo máa ní kí wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ, láìfún wọn ní gààrí lásán. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ọmọ Àkúrẹ́ ni, ebi mú ojú rẹ̀ ṣú, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bá gún un níka. Bí mo ṣe ń fi aṣọ dì í, ó ní, "Mà, usẹ́ àánú lẹ pè é, ebi la sì fi ń ṣe é." Mo gbá a létí. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ìyá rẹ tí o ń ròyìn kiri. Mo ti wá a títí kí n lè bẹ̀ ẹ́, n ò rí i. Nítorí náà, kí o tó fún ọmọ Ìgbàrà-Òkè láṣọ, bi àwọn tó ń bá ọ ránṣọ bóyá wọ́n ti jẹun.

Ẹ̀kẹta ni mo ń sá fún. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ pọn omi tí n kò nílò.

O kọ ọ́ sínú ìwé pélébé rẹ pé, "Nígbà ìnira, ìyá mi fi ìgékù aṣọ rán aṣọ iléèwé fún ọmọ méjìlá ní Oǹdó, kò sí èyí tó kúrò níléèwé nínú wọn." Èmi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré. Irọ́ ni mo pa. Mọ́kànlá ló dúró.

Bàbá rẹ ló wálé lọ́jọ́ kan tó ní àwọn ọmọ kan ń wá síléèwé pẹ̀lú aṣọ tó ti já níbàdí, òmíràn ń wọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Mo ti tọ́jú ìgékù aṣọ búlúù láti ara aṣọ iléèwé tí mò ń rán fún àwọn tó lówó. Mo tò wọ́n pọ̀ lórí tábìlì, mo rí i pé ó máa tó fún ẹ̀wù méjìlá, bí mo bá so àwọn tó kéré pọ̀ láti fi ṣe àpò àyà. Ó gba sùúrù, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Síbẹ̀ n ò ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní ìgékù ańkárá pupa kan tó ní òdòdó yẹ́lò, ẹwà rẹ̀ wọ̀ mí lójú. Mo gé àpò méjìlá níbẹ̀, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ àyà aṣọ búlúù. Fún àwọn tó bi mí, mo ní aṣọ ò tó ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí gbogbo ìlú rí i lókèèrè pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, kí wọ́n lè máa gbé iṣẹ́ wá. Mo sọ àyà àwọn ọmọ ọlọ́mọ di pátákó ṣọ́ọ̀bù mi.

Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, mo lọ dúró létí ọgbà iléèwé. Ọyẹ́ ń fẹ́, kùrukùru ṣì wà lórí pápá, àwọn ọmọ ń jáde bọ̀ láti inú rẹ̀, àpò pupa níbí, àpò pupa lọ́hùn-ún. Ó rẹwà, Mọ́rẹ́nikẹ́. Mo sunkún ayọ̀. Mo ti ní kí bàbá rẹ bá mi sọ fún ọ̀gá iléèwé kí wọ́n pe àwọn méjèèjìlá síwájú, kí àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n pè wọ́n. Ẹni tó wà níwájú pátápátá ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títílayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà, kò gbé e kúrò títí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ tán. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà fún mi. Àpò ló ń bò.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń pè wọ́n ní "Alápò-àánú." Bí wọ́n bá ń ṣeré, "Alápò-àánú, kúrò níbẹ̀." Bí nǹkan bá sọnù ní kíláàsì, "Ẹ wo àpò Alápò-àánú." Àwọn mọ́kànlá fara dà á, ọmọdé le ju bí a ṣe rò lọ. Títílayọ̀ ò lè fara dà á. Lọ́sẹ̀ kẹta, bàbá rẹ wọlé, ó jókòó, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Ọmọ yẹn ò wá síléèwé mọ́ o."

Ṣé o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Aláìmoore." Ìbínú ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá náà kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga, ó wọlé lọ mú ẹ̀wù náà jáde. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, kò sí àpò lára rẹ̀ mọ́. Ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ tò yí i ká.

Ìyá náà ní, "Ìyàwó Tíṣà, o ṣeun, oore lo ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló fi bíléèdì tú u. Ó tún wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ṣì rí ojú ibẹ̀. Ó wá ní òun á máa bá mi lọ sóko kòkó."

Mo ní, "Yèyé, ẹ ò lè bá a wí ni?"

Ó wò mí. Ó ní, "Kí n bá a wí pé kí ló ṣe?"

Mo dìde, mo kọrí sílé. Ikú yá jẹ̀sín, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí jù rèé, òun ni n kò sọ fún bàbá rẹ pàápàá títí ó fi kú: mo ní ọ̀pá aṣọ búlúù kan àtààbọ̀ nínú àpótí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo lè rán òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Mo ní kó wá bẹ̀ mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Mọ́rẹ́nikẹ́! Nígbà tí ojú mi fi là, tí mo rán an, tí mo gbé e lọ, wọ́n ti kó lọ sí abúlé oko wọn, wọn ò padà wá sí Oǹdó láàárín ọdún yẹn.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo tún rí i. Mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan ló ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ara rẹ̀ dá, ó sanra, ó lọ́wọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé àpò kòkó lé òṣùwọ̀n, ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà, tó ń pè é sí i létí. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n kó tó mọ̀ mí. Mo sún mọ́ ọn, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Yéè! Ẹ̀yin lẹ rán aṣọ alápò pupa!"

Mo ní, "Títílayọ̀, jọ̀wọ́ dárí jì mí."

Ó ní, "Mà, aṣọ yín dáa. Kò sẹ́ni tó rán irú ẹ̀ fún mi rí títí di òní. Ẹ̀ bá kàn jẹ́ kó dà bí ti àwọn yòókù ni." Ó wá yíjú padà sí òṣùwọ̀n, torí àwọn àgbẹ̀ ń dúró dè é.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Má dá mi lóhùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Tú àkọlé yẹn kúrò láyà gbogbo ẹ̀wù tí ẹ ti rán. Bó bá jẹ́ dandan kí orúkọ rẹ wà níbẹ̀, fi í sínú ọrùn bí gbogbo télọ̀ ṣe ń ṣe. Má to ọmọ kankan sórí ìlà. Fi aṣọ náà lé olùkọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọlé sáà tuntun, kó pe òbí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ọmọ lè jọ dé lọ́jọ́ kan náà nínú aṣọ kan náà. Kí àwọ̀ rẹ̀ bá ti iléèwé wọn mu gẹ́lẹ́. Mo mọ̀ pé ìgékù ni òwò rẹ dá lé, pé o ti ṣèlérí pé o ò ní ra aṣọ odindi. Lo ìgékù níbi tí ojú ò dé, nínú àpò àti nínú ìṣẹ́tí. Bí kò bá tó, ọmọ mi, ra aṣọ odindi. Ìlérí tí o ṣe fún aṣọ ò ju ọmọ èèyàn lọ.

Ní ti obìnrin tó fẹ́ fún ọ ní ẹ̀rọ, ya àwòrán aṣọ lórí tábìlì fún un, ya ọwọ́ àwọn tó ń rán an. Bó bá ní ojú àwọn ọmọ lòun fẹ́ dandan, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì jẹ́ kó máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré ni mo ń ní kí o pàdánù yìí. Ẹ̀rọ mi wà ní kọ́rọ̀ yàrá níbí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í bi èèyàn léèrè iná. Tìrẹ ni láti òní lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni màá wọ bọ́ọ̀sì wá bá ọ, pẹ̀lú jígí ojú mi àti bíléèdì. Àwa méjèèjì la jọ máa jókòó tú àwọn àkọlé náà. Màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi omi àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná pa ojú abẹ́rẹ́ rẹ́, n kò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Se ìrẹsì sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ, kí o sì fi tèmi kún un.

A kì í ṣoore ká lóṣòó tì í, Àjíkẹ́. Lọ́jọ́ kan, wàá máa gba Ìgbàrà-Òkè kọjá láàárọ̀, ọmọ kan á gba iwájú ọkọ̀ rẹ sáré kọjá, aṣọ tí o rán á wà lọ́rùn rẹ̀. Kò ní kí ọ. Kò ní mọ̀ ọ́. Ó kàn fẹ́ bá ìlà òwúrọ̀ ni. Dúró kí o máa wò ó títí á fi wọlé, torí pé ọpẹ́ rẹ nìyẹn, ó tó, òmíràn ò sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.